Bẹ́ẹ̀dì ìrókò, ẹnu ọ̀nà tóóró: iṣẹ́ ilé àtijọ́ kan n'Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni pé bẹ́ẹ̀dì ìrókò kan, oní 6 sí 6, yóò kúrò ní Adó-Èkìtì, yóò sì wọ yàrá tó kẹ́yìn nínú ilé alámọ̀ kan ní Ìkẹ́rẹ́. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ín, wọ́n ń padà sí ilé bàbá wọn. Ọkọ wọn tó ti di olóògbé ló gbé e fún káfíńtà ṣe nígbà ìgbéyàwó wọn. Wọn ò fẹ́ tà á, wọn ò sì fẹ́ kí n ṣe òmíràn fún wọn. Nígbà tí wọ́n wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi l'Ájílósùn, l'Ádó, ohun tí wọ́n sọ kò pọ̀: "Ọmọ mi, orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni mo ti tọ́ gbogbo àwọn ọmọ mi. Bí kò bá wọlé, èmi náà ò níí wọlé."

Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ti gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ èèyàn púpọ̀. Ọ̀nà méjì ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí. Àwọn kan ní kí wọ́n fi ayùn gé orí bẹ́ẹ̀dì, ìyẹn pákó gíga tó wà níbi ìrọ̀rí, sí méjì. Àwọn yòókù ní kí wọ́n hú férémù ilẹ̀kùn, kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé, kí bíríkìlà wá tún ibẹ̀ mọ. N kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Mo ń kọ ìdí rẹ̀ síbí, pẹ̀lú ìwọ̀n tí mo lò àti bí a ṣe ṣiṣẹ́ náà, nítorí irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Èkìtì, irú bẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀ náà sì pọ̀.

Ìwọ̀n

Orí bẹ́ẹ̀dì gùn ní ínǹṣì 78, ó sì ga ní 50 láti ilẹ̀. Òpó méjèèjì tó dì í mú nípọn ní ínǹṣì 3. Igi ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan gùn ní 75, ó fẹ̀ ní 8, ó sì nípọn ní ínǹṣì kan àtààbọ̀. Apá ibi ẹsẹ̀ kò ga, ínǹṣì 20 péré ni.

Ní ti ilé, ilẹ̀kùn iwájú kò ní wàhálà. Alápá méjì ni, bí wọ́n bá sì ṣí i sọ́tùn-ún sósì, ó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ. Láti ibẹ̀ ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti là ilé já, ó fẹ̀ ní ínǹṣì 40, yàrá sì wà lọ́tùn-ún lósì. Yàrá Màmá ló kẹ́yìn lápá òsì. Ògiri ló dínà níwájú rẹ̀, nítorí náà ohunkóhun tó bá máa wọ ibẹ̀, ó di dandan kó yà lójijì. Ẹnu ọ̀nà yàrá náà fẹ̀ ní ínǹṣì 27 nísàlẹ̀ àti 27 lókè, ṣùgbọ́n láàárín, níbi tí férémù ti tẹ̀ wá sínú, 26 àti ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Ó ga ní 73. Ògiri nípọn ní 14.

Ibi mẹ́ta ni kí ẹ ti wọn ẹnu ọ̀nà nínú ilé àtijọ́, ìsàlẹ̀, àárín àti òkè, kí ẹ sì mú èyí tó kéré jù. Férémù tó ti ru amọ̀ láti ayé àwọn bàbá wa kò lè ṣe kó má tẹ̀. Inú férémù lẹ ó ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Pákó ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ tún ń gba àyè: bí ó bá ṣí sílẹ̀, ìnípọn rẹ̀ àti ọwọ́ tí a fi ń ṣí i ṣì wà lójú ọ̀nà. Ẹ yọ súkúrúù híǹjì kí ẹ gbé ilẹ̀kùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ó jèrè ínǹṣì kan àtààbọ̀, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ̀n tí mo kọ sókè yìí, lẹ́yìn tí a ti yọ ilẹ̀kùn ni.

Àwọn ilé tuntun l'Ádó, wọ́n sábà máa ń fún ilẹ̀kùn yàrá ní ẹsẹ̀ bàtà 3, ìyẹn ínǹṣì 36. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ káfíńtà tó kọ́ṣẹ́ láìpẹ́ kì í fi ronú kan ẹnu ọ̀nà rárá. Wọ́n á kan bẹ́ẹ̀dì pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á gbé e wọlé, ó parí. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì máa ń pẹ́ ju ilé tí wọ́n ṣe é fún lọ. Èèyàn ń kó lọ, ó ń kó bọ̀, ó ń fẹ̀yìn tì, ó ń padà sílé. Bẹ́ẹ̀dì tí kò ṣe é tú, yàrá kan ṣoṣo ló wà fún.

Bí bẹ́ẹ̀dì yìí bá wà ní pípé, kò sí ọgbọ́n tí a lè dá kó gba ibẹ̀ kọjá. Bí a bá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọlẹ̀, gíga rẹ̀ á di 78, ẹnu ọ̀nà sì jẹ́ 73. Bí a bá nà án ró, á tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fèrèsé ńkọ́? Irin olè ti wà níbẹ̀, wọ́n jó o mọ́ra ni.

Ìdí tí n kò fi gé e, tí n kò sì fi hú férémù

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí férémù. Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ kì í ṣe ilé bíríkì. Àtẹ́rígbà, ìyẹn igi tó dábùú lókè ẹnu ọ̀nà, òun ló ru gbogbo amọ̀ tó wà láti ibẹ̀ dé àjà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyí, orí férémù gan-an ni àtẹ́rígbà jókòó sí. Ẹni tó bá hú férémù láì kọ́kọ́ fi igi gbé òkè ró, ẹrù tí férémù ń rù ló tú sílẹ̀ yẹn. Amọ̀ á sán. Bí kò tilẹ̀ wó lọ́jọ́ náà, sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ á ṣí kúrò lára rẹ̀, nítorí amọ̀ àti sìmẹ́ńtì kì í fi bẹ́ẹ̀ dì mọ́ra bí ohun kan bá ti mì wọ́n. Omi òjò á wá rí ọ̀nà wọlé. Ilé tó ti dúró láti ọjọ́ pípẹ́, kí a tìtorí ẹrù ọ̀sán kan ṣe é báyẹn? N kò lè ṣe é.

Orí bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Káfíńtà tó ṣe é gbẹ́ ewé àti òdòdó sára pákó àárín rẹ̀, ó gbẹ́ ẹ dáadáa. Mo fi ìka tẹ̀ lé e látòkè dé ìsàlẹ̀, ibi tí ṣísẹ̀lì ti yí kọ́nà kò ní ẹ̀gún kankan. N kò mọ orúkọ rẹ̀, Màmá náà ò rántí mọ́ ju pé Ìjerò ló ti wá. Bí ayùn bá la àárín iṣẹ́ yẹn, òdòdó á bàjẹ́. Igi òkè tó so òpó méjèèjì pọ̀ á gé, bí a bá sì fi irin dè é padà, á máa ké ní gbogbo òru.

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ igi ní Ìkẹ́rẹ́ kò lè má rántí Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀. Òun ló gbẹ́ àwọn ilẹ̀kùn tó wà láàfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Wọ́n gbé wọn lọ sí ìpàtẹ ńlá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley ní 1924, wọn ò sì padà mọ́. Àga ọba kan tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún ni wọ́n fi dípò wọn, British Museum ní Lọ́ńdọ̀n ni ilẹ̀kùn náà wà títí di òní. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀dì yìí kò tó ti Ọlọ́wẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ Èkìtì ló ṣe òun náà, ó sì ṣì wà nílé. Ojú tí mo fi wò ó nìyẹn.

Ohun tí mo bá Màmá sọ ni pé kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹ́ tú u níbi oríkèé rẹ̀ láì gé igi kankan, kí n sì fi bóòtù rọ́pò ìṣó, kó lè máa tú, kó sì máa pa dé, nígbàkigbà.

Títú u

Ẹni tó ṣe é mọṣẹ́. Ó gbẹ́ ihò sára òpó, ó ki ahọ́n igi ẹ̀gbẹ́, ìyẹn orí rẹ̀ tó gbẹ́ tín-ín-rín, bọ inú rẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù funfun sí i, ó wá gbá ìṣó ńlá ní ìdagẹ̀rẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ òpó wọ èjìká igi ẹ̀gbẹ́, ìyẹn ibi tí ahọ́n ti yọ, kó lè dì í mú. Gbogbo èyí ló jẹ́ kó le títí di òní, òun náà ló sì jẹ́ kó ṣòro láti tú.

Ìṣó la kọ́kọ́ kojú. Orí wọn ti rì sínú igi, wọ́n ti dí ojú wọn pẹ̀lú ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù, wọ́n sì ti fi fáníṣì bò ó. Bí a bá ní ká fi irin hú wọn, ojú igi á bàjẹ́. Abẹ ayùn irin ni mo lò. Mo yọ ọ́ kúrò lára ọwọ́ rẹ̀, mo fi àkísà we ìdí rẹ̀, mo sì rọra kì í bọ àárín òpó àti èjìká igi ẹ̀gbẹ́, níbi tí gọ́ọ̀mù ti ṣí díẹ̀. Láti ibẹ̀ mo gé ìṣó nínú lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó máa ń rẹ èèyàn, ṣùgbọ́n lóde kò hàn rárá pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Gọ́ọ̀mù funfun kì í fẹ́ràn ooru àti omi. A bu omi gbígbóná, a rẹ aṣọ sínú rẹ̀, a sì fi aṣọ náà yí oríkèé ká. Bó bá ti ń tutù, a ń pààrọ̀ rẹ̀. Gọ́ọ̀mù á rọ̀, á di funfun padà. Nígbà náà ni mo gbé pákó pẹlẹbẹ lé igi ẹ̀gbẹ́, tí mo ń fi òòlù onígi lu pákó náà, kì í ṣe igi bẹ́ẹ̀dì. Ó kọ́kọ́ ké, ó dákẹ́, ó tún ké, ahọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi fẹ́ kí n fi agbára lù ú kó tètè jáde. Mo ní kó fi ọwọ́ kan òpó, kó gbọ́ bó ṣe ń gbọ̀n, kó mọ ìgbà tí gọ́ọ̀mù jọ̀wọ́ ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ìgbà tí igi fẹ́ là. Ohun tó yẹ kó mọ̀ ṣáájú òòlù nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan nípa ìrókò fún ẹni tí kò tíì fi ọwọ́ kàn án: eruku rẹ̀ ń jẹ imú, ó sì ń ta ojú. Ẹ bo imú, ẹ má sì ṣe ré e ní yàrá tí afẹ́fẹ́ ò ráyè. Ìkejì, òkúta máa ń wà nínú rẹ̀. Bí mo ṣe ń fẹ ihò bóòtù lára igi ẹ̀gbẹ́ kan, ṣísẹ̀lì dún kìn-ín, ó kọ̀ láti wọlé. Mo fẹ́ eruku kúrò, mo rí nǹkan funfun kan bí ẹ̀fun, ó gùn tó èékánná àtàǹpàkò, ó ti há sínú ọ̀nà igi. Igi fúnra rẹ̀ ló ń kó irú rẹ̀ jọ sára nígbà tó wà lóòró. Abẹ ṣísẹ̀lì tó bá lọ sọ ọ́ á fọ́. Mo fi orí ìṣó gún un túútúú, mo gbá a dànù, mo sì tún ṣísẹ̀lì mi pọ́n kí n tó tẹ̀ síwájú.

Bóòtù

Ibí ni ọkàn iṣẹ́ náà wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí a bá ti fi bóòtù sí bẹ́ẹ̀dì, bóòtù ló ń ru ẹrù. Bí ẹ bá ṣe é bẹ́ẹ̀, bóòtù á máa jẹ igi, ihò á máa fẹ̀, láìpẹ́ bẹ́ẹ̀dì á máa mì. Ahọ́n inú ihò ló gbọ́dọ̀ ru ẹrù. Iṣẹ́ bóòtù kò ju kó fa èjìká igi ẹ̀gbẹ́ mọ́ òpó lọ, kó má jẹ̀ẹ́ kó fà sẹ́yìn. Nítorí náà mo fọ gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò lára ahọ́n, mo fi sáńpépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ra á, mo sì rí i pé ó wọ ihò rẹ̀ ṣinṣin láì ní gọ́ọ̀mù. Níbi tí ahọ́n kan ti tínrín jù, mo lẹ ìwọ̀nba pákó ìrókò mọ́ ọn lára, mo sì fági rẹ̀ títí ó fi bá ihò mu.

Bóòtù oní mílímítà 10 ni mo rà, èyí tó gùn tó ínǹṣì 6, méjì méjì fún oríkèé kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 8 lápapọ̀. Lẹ́yìn òpó, mo kọ́kọ́ gbẹ́ kòtò róbótó tó jìn tó ààbọ̀ ínǹṣì kí orí bóòtù àti wọ́ṣà lè rì síbẹ̀, kí wọ́n má baà máa ha ògiri. Ínǹṣì méjì àtààbọ̀ ló kù lára òpó fún bóòtù láti là kọjá, ínǹṣì mẹ́ta àtààbọ̀ yòókù wá wọ inú igi ẹ̀gbẹ́. Lójú inú igi ẹ̀gbẹ́, níbi tí fóòmù ń bò, mo fi ṣísẹ̀lì gbẹ́ àpò kékeré kan, ó bẹ̀rẹ̀ ní ínǹṣì méjì àtààbọ̀ sí èjìká. Ibẹ̀ ni wọ́ṣà àti nọ́ọ̀tì ń gbé, tí sípánà sì lè dé.

Kí ihò òpó àti ihò igi ẹ̀gbẹ́ tó lè kojú ara wọn, ẹ má ṣe lu wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ ki ahọ́n bọ ihò rẹ̀ dáadáa, ẹ fi okùn so wọ́n pọ̀, kí ẹ wá fi dírìlì gba ẹ̀yìn òpó títí yóò fi yọ sínú àpò yẹn. Ìgbà kan ṣoṣo ni dírìlì á kọjá, wọ́n á sì bára mu. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó máa wo dírìlì bóyá ó tọ́ tàbí ó ń wọ́, nítorí ẹni tó dì í mú kì í rí i.

Oríkèé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò jọra, kò sì yẹ kí wọ́n ṣì wọ́n mú fún ara wọn. Mo fi ṣísẹ̀lì fa ìlà sí wọn níbi tí ojú ò tó: ìlà kan lára òpó àti ìlà kan lára ahọ́n tó bá a lọ, ìlà méjì sí ìkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé mẹ́rin. Bíírò máa ń pa rẹ́, bébà máa ń ṣí. Ojú ṣísẹ̀lì kì í pa rẹ́.

Àwọn pákó tí fóòmù ń sùn lé, ìṣó ni wọ́n fi kàn wọ́n mọ́ igi ẹ̀gbẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo tú gbogbo wọn. Mo fi súkúrúù so igi tóóró kan mọ́ inú igi ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, pákó 12 náà wá ń jókòó lé e, ínǹṣì 3 ni ìbú wọn, ínǹṣì 3 náà ni àlàfo àárín wọn. Bẹ́ẹ̀dì oní 6 kò sì gbọdọ̀ wà láì ní igi àárín. Mo fi ọ̀kan sí i láti orí dé ẹsẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tirẹ̀ tó kanlẹ̀. Tẹ́lẹ̀, kò ní, ìdí nìyẹn tí àárín fóòmù Màmá fi ń rì.

Ẹ̀dà onípákó

Kí n tó gbé ohunkóhun kúrò l'Ádó, mo ya ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ẹnu ọ̀nà náà sórí pákó pẹlẹbẹ, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n wọn. Mo gé páálí ní ìwọ̀n orí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni pé a ń wò ó látòkè, gígùn 78 àti ìnípọn 3, mo sì ń tì í yíká kọ́nà náà. Ó kọjá, àyè díẹ̀ sì ṣẹ́ kù. Ẹnu ọ̀nà nìkan kọ́ ni ìṣòro, ìgbà tí ohun gígùn bá ní láti yà láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ sínú ẹnu ọ̀nà ni iṣẹ́ wà. Èèyàn lè wọn ẹnu ọ̀nà kó tó, kó sì há sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ṣùgbọ́n páálí kò mọ ohun tó wà lára ògiri. Nítorí náà mo kan ẹ̀dà rẹ̀ pẹ̀lú pákó wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń kan àjà: gígùn 78, gíga 50, ìnípọn 3, kò sì wúwo. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi gbé e lọ sí Ìkẹ́rẹ́. A gbé e wọlé gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa gbé ojúlówó. Ibẹ̀ ni a ti rí mítà iná. Pákó rẹ̀ yọ sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ínǹṣì 5, ní tòsí kọ́nà gan-an, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ga ní 54 sí ilẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì jẹ́ 50. Ìyẹn ni pé abẹ́ mítà ni ó gbọ́dọ̀ gbà, a ò sì gbọdọ̀ gbé e ga ju ínǹṣì 3 lọ níbẹ̀. Ẹni tó bá gbé e dé èjìká bí àwọn alárùú ṣe máa ń gbé ẹrù, mítà ló máa lọ kọlù. Ẹ̀dà onípákó kò ná mi ní nǹkan kan ju pákó àlòkù lọ, mo sì gba ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé ohun ńlá wọ ilé àtijọ́ níyànjú pé kó ṣe é.

Gbígbé e wọlé

A kó gbogbo rẹ̀ sí píkọ́ọ̀pù, a fi aṣọ àtijọ́ sí àárín wọn kí wọ́n má ha ara wọn. A ti ní kí wọ́n kó yàrá náà dá pátápátá. Orí bẹ́ẹ̀dì la kọ́kọ́ gbé wọlé, nítorí òun ló fẹ́ àyè jù.

Ìrókò gbígbẹ máa ń tó kílò 650 ní mítà kan níbùú, lóròó àti ní gíga. Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì yìí kò jìnnà sí kílò 50. Ọkùnrin méjì lè gbé e, àmọ́ wọn ò lè gbé e bí gbogbo ẹnu bá ń pàṣẹ fún wọn, àwọn aládùúgbò sì ti pé jọ. "Ẹ dà á!" "Ẹ gbé e sókè!" "Ẹ ti apá ọ̀tún!" Èèyàn rere ni wọ́n, wọ́n fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, àbúrò Màmá ló sì ń pariwo jù. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣọ́ mítà yẹn. Bí igi bá ti fẹ́ kàn án, kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀." Inú wọn dùn sí i, wọ́n sì ṣọ́ ọ lóòótọ́. Láti ìgbà náà ohùn méjì péré la gbọ́, tèmi àti ti Bàbá.

A ti fi páálí àti aṣọ we òpó férémù tó wà nítòsí jù, nítorí òun ni igi á máa yí mọ́. Ọmọ iṣẹ́ mi wà níwájú, ó ń fẹ̀yìn rìn. Bí iwájú igi ṣe dé ojú ilẹ̀kùn, ó yà sínú yàrá, ó sì ń fa iwájú mọ́ òpó férémù tó jìnnà. Èmi tí mo wà lẹ́yìn ń ti ìdí rẹ̀ mọ́ ògiri ọ̀tún ní gbogbo ìgbà náà. Kì í ṣe pé kí ẹni ẹ̀yìn kàn máa tì síwájú. Bó bá ti síwájú láì kọ́kọ́ fi ìdí igi ṣí sọ́tùn-ún, àárín igi á gun férémù. Ínǹṣì díẹ̀ síwájú, ìdí sọ́tùn-ún, ínǹṣì díẹ̀ sí i. Bàbá ní, "Ó kù díẹ̀ kó kan mítà." A rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. Sìmẹ́ńtì kékeré kan tún wà lẹ́sẹ̀ ilẹ̀kùn, ó ga tó ínǹṣì 2. A dúró níbẹ̀, a gbé iwájú kọjá lórí rẹ̀, ìgbà tí ìdí kọjá mítà tán la tó gbé ẹ̀yìn náà sókè. Ó wọlé. Kò ha férémù, kò sì ha mítà.

Igi ẹ̀gbẹ́ àti apá ẹsẹ̀ kò gba àkókò kankan.

Fóòmù ló tún fẹ́ ṣe agídí. Irú èyí tó le ni, tí dókítà máa ń ní kí àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn sùn lé, kì í ká. Ẹ má fi ipá ká irú rẹ̀, inú rẹ̀ á fọ́, kò sì ní í tẹ́jú mọ́ láé. A fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nà án ró. Gíga rẹ̀ jẹ́ 72, ẹnu ọ̀nà sì jẹ́ 73, sìmẹ́ńtì ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n etí fóòmù máa ń gbà kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe fún mítà. Ọ̀rá tí wọ́n fi dì í nígbà tí wọ́n rà á, Màmá ò yọ ọ́ rí, òun ló jẹ́ kó máa yọ̀ lọ geere.

Ìdìpọ̀

Ilẹ̀ yàrá náà kò tẹ́jú, ó rọ̀ sí apá fèrèsé. Bí a bá di bóòtù pinpin kí a tó wo ilẹ̀, igi á ti lọ́, ariwo á sì bẹ̀rẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní. Nítorí náà a ki ahọ́n bọ ihò gẹ́gẹ́ bí ìlà wọn, a fi ọwọ́ lásán yí nọ́ọ̀tì, a fi ìwọ̀n olómi wo igi ẹ̀gbẹ́ àti orí bẹ́ẹ̀dì, mo sì gé ìrókò pẹlẹbẹ kan sábẹ́ ẹsẹ̀ tó wà lápá fèrèsé. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ tẹ́ tán la tó di nọ́ọ̀tì, ti òkè díẹ̀, ti ìsàlẹ̀ díẹ̀, títí èjìká fi lẹ̀ mọ́ òpó tí bébà ò lè kọjá láàárín wọn. A tò pákó, a gbé fóòmù lé e.

Mo fi ínǹṣì 2 sílẹ̀ láàárín orí bẹ́ẹ̀dì àti ògiri. Ògiri amọ̀ máa ń fa ọ̀rinrin, ikán sì lè gbà á gòkè. Àárín igi ìrókò kì í ṣe oúnjẹ ikán, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ funfun tó wà lẹ́bàá èèpo kò ní ààbò yẹn, mo sì rí díẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́yìn òpó kan. Àlàfo yẹn á jẹ́ kí wọ́n lè máa fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Màmá jókòó létí rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ pa òdòdó tó wà lára orí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní, "Ẹ ṣé, ọmọ mi. Ọlọ́run ò ní í jẹ́ kí iṣẹ́ wọ́n yín lọ́wọ́." Mo ṣe àmín tọkàntọkàn.

Igi á sún kì nígbà ọyẹ́, nọ́ọ̀tì á sì dẹ̀ díẹ̀. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n tún un dì lẹ́yìn oṣù kan, kí wọ́n sì tún un dì bí ọyẹ́ bá ti mú dáadáa. Sípánà 17 ló bá orí bóòtù àti nọ́ọ̀tì mílímítà 10 mu. Mo fi okùn so ọ̀kan mọ́ igi àárín, lábẹ́ fóòmù, níbi tí ẹni tó bá gbé pákó kan kúrò á ti rí i. Ọmọ ọmọ wọn tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ni mo fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn, ó sì gbìyànjú rẹ̀ lójú mi lórí oríkèé onílà kan: ìlàjì yíyí péré, kò sì gbọdọ̀ fi gbogbo agbára rẹ̀ sí i.